Sígbọnlẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀lẹ

Ní oṣù Keje ọdún 1980, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníròyìn eré ìdárayá rí ẹni tí wọn yóò máa bú. James Rodney Richard ni orúkọ rẹ̀, J.R. ni gbogbo èèyàn ń pè é. Wọ́n ní ó ya ọ̀lẹ. Wọ́n ní ó ń díbọ́n. Àwọn kan ní ìlara ló ń dà á láàmú, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Nolan Ryan wọlé, wọ́n sì fún un ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, owó tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí nídìí eré bésíbọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lábẹ́nu pé bóyá oògùn olóró ni. Ohun tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: èjìká ọ̀tún òun kò dá, apá òun ń kú mọ́ òun lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi wọ etí ẹnikẹ́ni. Ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1950. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́jọ, ìyẹn mítà méjì ó lé díẹ̀. Nínú bésíbọ́ọ̀lù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ni yóò dúró láàárín pápá tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù líle kan. Ẹnì kejì yóò mú igi lọ́wọ́, yóò máa wá bí òun yóò ṣe gbá a. Bí ẹni tó ń gbá a bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹta, ó di kó jáde. Ẹni tó ń jù ú ni J.R. Bọ́ọ̀lù tó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ń sún mọ́ ìwọ̀n 160 kìlómítà ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ Houston Astros ṣe ìdíje àgbà, nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, èèyàn 15 ló fi bọ́ọ̀lù lé jáde. Lọ́dún 1978, ó lé 303 jáde. Lọ́dún 1979, ó lé 313. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún kankan nínú líìgì National tó dé orí 300 lọ́dún kan ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1980 fi máa dé ìdajì, ó ti borí nínú ìdíje mẹ́wàá, mẹ́rin péré ni wọ́n fi borí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, òun ni wọ́n yàn pé kó kọ́kọ́ jù nínú ìdíje àwọn ìràwọ̀ ní Los Angeles. Ẹni tí apá rẹ̀ ń kú lára ni o.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Láàárín ọdún náà, ó ti ń ní kí wọ́n yọ òun kúrò lórí pápá nígbà mìíràn, nítorí pé ó máa jù dáadáa, apá náà á sì ṣàdédé rẹ̀ ẹ́, á di aláìlágbára. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, á tún jù bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ta ló fẹ́ gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ẹni tó ṣẹ́ lápá, a óò rí i pé apá rẹ̀ wú. Ẹni tí ibà ń ṣe, a óò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ti J.R. kò hàn síta. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, nígbà tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ Atlanta ṣe ìdíje, kò tilẹ̀ rí àmì ìka tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi hàn án láti òdìkejì dáadáa mọ́. Ó kúrò lórí pápá. Àwọn tó ń kọ̀wé tún rí ọ̀rọ̀ kọ lọ́jọ́ kejì.

Lójú tèmi, ohun méjì ló di etí wọn. Àkọ́kọ́ ni pé ọkùnrin náà ń borí, ẹni tó ń borí kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣàròyé. Èkejì ni ìdúró rẹ̀. Sígbọnlẹ̀ ọkùnrin, aláwọ̀ dúdú, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọ̀lẹ pe aláwọ̀ dúdú láti ìgbà oko ẹrú. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ara òun kò dá, ojú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ kó nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò kó nǹkan kan níbẹ̀, èmi kò ní bá a jiyàn, n ó kàn máa wò ó ni.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje, ó wọ ọsibítù fún àyẹ̀wò. Wọ́n wọn agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní apá méjèèjì. Ti apá òsì dára. Ti apá ọ̀tún, apá tó fi ń jẹun, ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Wọ́n ya àwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan ti dí òpó tó gba èjìká wọ inú apá. Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Wọ́n rí i. Àmọ́ wọ́n wo àwọn òpó ọrùn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ìyẹn, wọ́n sì pinnu pé kò tíì pọn dandan láti ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ó lè máa ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba, bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ń wò ó.

Ọjọ́ 30 oṣù Keje kan náà ló lọ sí pápá Astrodome, tí òun àti ẹnì kan jọ ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Etí rẹ̀ ń hó. Ó ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sáré gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti yọ ẹ̀jẹ̀ dídì tó há sí òpó ọrùn rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ohun tó kọlu ọpọlọ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdajì ara rẹ̀ lápá òsì rọ. Ọmọ 30 ọdún ni.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò béèrè pé: èjìká ọ̀tún ló ń dùn ún, báwo ló ṣe jẹ́ pé apá òsì ló rọ? Òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá, láàárín egungun tó nà láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun dé èjìká àti egungun ìhà tó ga jù lọ. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí apá náà ń bá a gba ibẹ̀. Bí èèyàn bá ń gbé apá sókè tí ó sì ń fi agbára jù ú síwájú lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, fún ọdún gbọọrọ, tí iṣan ọrùn àti ti èjìká rẹ̀ sì ń tóbi sí i, ojú ọ̀nà yẹn lè há. Ẹ ti rí rọ́bà omi tí ọmọdé fẹsẹ̀ tẹ̀ rí: omi kò dá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ. Bí wọ́n bá ń tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra, ara inú rẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì sí ojú ibi tó bó. Èyí tó dì yẹn lè já bọ́ sínú apá, kí ìka máa tutù, kí ó máa funfun. Ó sì lè padà sẹ́yìn. Lápá ọ̀tún ara wa, orí òpó kan náà ni èyí tó ń lọ sí apá àti èyí tó ń gba ọrùn lọ sí ọpọlọ ti yà kúrò lára wọn. Ọpọlọ apá ọ̀tún ló sì ń darí apá àti ẹsẹ̀ òsì.

Gbogbo ohun tí J.R. ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló bá ìwádìí àwọn dókítà mu. Apá tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìwọ̀nba ìjù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò tó ni. Àárẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, bí òpó náà ṣe ń há tó ń là ni. Ká ní ẹnì kan ti fọwọ́ wo ìlù ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe, kó sì fi èyí wé ìyẹn, ìwé ìròyìn kì bá tí rí ẹnì kan láti bú.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. J.R. kò kú, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣubú, ohùn àwọn tó ń bú u yí padà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jáwé olúborí ní ìsọ̀rí tiwọn lọ́dún yẹn láìsí i, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ẹgbẹ́ Philadelphia ló wá fẹ̀yìn wọn janlẹ̀ nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, mẹ́ta sí méjì. Títí dòní, àwọn àgbà Houston ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní J.R. wà níbẹ̀.

Irú àìsàn tó ṣe J.R. kò wọ́pọ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí ẹnì kan wí pé èjìká ń dun òun kí wọ́n sì dá a lóhùn pé kó yé ṣagbe àánú. Ní ibi iṣẹ́ bíríkìlà lọ́dọ̀ wa, lábàárù ni, atúnléṣe ni, ẹni tó bá ní òun kò lè gbé apá sókè, paraga ni wọ́n á ní kó lọ mu. Onídìrí tó ń na apá sókè láti àárọ̀ dalẹ́ á fi Aboniki ra èjìká, á gbé oògùn ìrora kan mì láti kẹ́míìsì, á tún padà sídìí orí oníbàárà. Oògùn yẹn kò wo nǹkan kan. Ó kàn ń pa ẹnu ìrora mọ́ títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí.

Iṣan mẹ́rin ló yí orí egungun apá ká tó ń dì í mú kó má yẹ̀. Ìdí wọn ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lára ẹni tó ń gbé apá ga níbi iṣẹ́, àti lára ẹnikẹ́ni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ń gòkè. Ìrora náà á máa pọ̀ lálẹ́, pàápàá tí èèyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Á máa ta á tó bá fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ni àwọn físíò ń fi ìdárayá díẹ̀díẹ̀ mú bọ̀ sípò láìlo abẹ. Ẹni tó bá ń fi oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀ tó sì ń bá irú iṣẹ́ kan náà lọ, iṣan tó gbó lè já.

Àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún mọ òmíràn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Èjìká á kọ́kọ́ máa dunni, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Obìnrin náà kò ní lè wé gèlè, kò ní lè na ọwọ́ sẹ́yìn láti so kọ́mú. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò lù ú. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìdí kankan tí ojú rí, wọ́n á ní ọfà ni wọ́n ta á. Wọ́n á gbé e lọ fún àdúrà, wọ́n á gbé e lọ fún àgbo, ó sì lè gba ọdún kan tàbí méjì kí ó tó tú. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àìsàn èjìká gígan yìí máa ń fẹ́ràn àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, nígbà mìíràn sì rèé, ẹni náà kò tíì mọ̀ pé ṣúgà wà lára òun. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka yóò sọ ọ́. Ohun kan tún wà tí ẹ lè dán wò nílé: bí ẹlòmíràn bá bá a gbé apá náà sókè, tí apá náà sì kọ̀ jálẹ̀ tí kò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gan ni. Bí ẹlòmíràn bá lè gbé e ga ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín kò lè fúnra rẹ̀ gbé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣan kan ti já níbẹ̀. Kí dókítà sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Èjìká tó yẹ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà kì í fi ara pamọ́ ní tirẹ̀. Ẹni tó ṣubú tó fi ọwọ́ nàró gbalẹ̀, tí èjìká rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó ti yẹ kó rí róbótó, orí egungun apá rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ojú ihò rẹ̀. Àwọn tó ń to eegun pọ̀ káàkiri, ọwọ́ àwọn kan nínú wọn sì dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára kan rọ̀ mọ́ abẹ́ ibẹ̀ gan-an, egungun náà sì lè ti sán láìjẹ́ pé ojú rí i. Kí wọ́n tó fà á, kí wọ́n yà á ní àwòrán. Ohun tí ẹni tó wà nítòsí lè ṣe ni kó fi ìborùn gbé apá náà kọ́ ọrùn, kó má jẹ́ kó mì, kó sì wá ọkọ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí èjìká ń dunni, tí èjìká fúnra rẹ̀ kò sì ní àrùn kankan. Bí èjìká òsì bá ń dun àgbàlagbà, tí òógùn ń bò ó, tí àyà ń há a, tí mímí sì nira, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń ké, kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti pẹ́ bá ní ìsàlẹ̀ ikùn ń dun òun, tí ṣóńṣó èjìká sì tún ń dùn ún, pàápàá nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé oyún ti sọ sí ibi tí kò yẹ, tí ó ti bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sí i nínú. Ìyẹn kì í dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà tó láti ikùn dé èjìká, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ìrora náà ti ń yọjú, nítorí pé iṣan ìmọ̀lára tó ń ṣiṣẹ́ fún iṣan tó pààlà àyà àti ikùn, láti ọrùn ló ti ń bọ̀, bíi ti èjìká.

J.R. kọ́ bí a ṣe ń rìn padà. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ọdún 1980 kan náà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé apá ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Ó gbìyànjú láti padà sídìí eré náà, ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn líìgì kéékèèké, ṣùgbọ́n ara kò yá tó bí ó ti ń yá tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ Astros sì tú u sílẹ̀ lọ́dún 1984. Òwò tó dáwọ́ lé kò yọrí sí rere, ó kọ aya sílẹ̀, owó sì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1994, àwọn oníròyìn rí i lábẹ́ afárá kan ní Houston, ní ìlú kan náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sanwó láti wá wo apá rẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ló ń sùn.

Kò kú síbẹ̀. Àwọn tó bá a gbá bọ́ọ̀lù rí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ràn án lọ́wọ́, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ó di oníwàásù, ó sì ń bá àwọn aláìnílé ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2015, ìwé tó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ó ṣaláìsí nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ẹni ọdún 71.

Lóde òní, àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn ajubọ́ọ̀lù ti mọ ojú ọ̀nà tóóró yẹn bí ẹni mowó. Lára ọ̀pọ̀ wọn, iṣan ìmọ̀lára ló máa ń fún. Ti òpó ẹ̀jẹ̀, irú ti J.R., ṣọ̀wọ́n. Bí ìdárayá àti ìsinmi kò bá tó, wọ́n á gé egungun ìhà àkọ́kọ́ kúrò kí àyè lè wà. Wọ́n ṣe é fún Chris Carpenter lọ́dún 2012, wọ́n ṣe é fún Matt Harvey lọ́dún 2016. Wọ́n ṣe é fún Stephen Strasburg nínú oṣù Keje ọdún 2021, ẹni tí ẹgbẹ́ Washington bá ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 245 dọ́là ní ìparí ọdún 2019. Kò so èso bí wọ́n ṣe rò. Ìdíje kan ṣoṣo ni Strasburg lè kópa nínú rẹ̀ lọ́dún 2022, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ kò dá, àyẹ̀wò ni wọ́n lọ ṣe fún un, kò sì sí rọpárọsẹ̀ nínú ìtàn tirẹ̀.